Matthias Mann àti Òṣùwọ̀n Purotéènì: Àgbéyẹ̀wò Ogójì Ọdún

Bí a bá ní ká dárúkọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí iṣẹ́ wọn ti yí ojú tí a fi ń wo ara ènìyàn padà láàárín ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní rántí Matthias Mann. Kò sí àrùn kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, kò sì sí oògùn kan tó ń jẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé tí àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ tàbí ibà ń kọ lójoojúmọ́, a ó bá ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí òun àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ṣe púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ purotéènì kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ìbéèrè tó ń bá yí láti ogójì ọdún yìí kò ṣòro láti sọ. Jíìnì tí ń pàṣẹ purotéènì nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 20,000. Jíìnì kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n purotéènì tí àwọn méjèèjì ń lò yàtọ̀ síra. Purotéènì ló ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń da oúnjẹ, òun ló ń bá kòkòrò àrùn jà, lára rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ oògùn tí à ń lò ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ka DNA aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tíì mọ èwo nínú wọn ni ara ń ṣe lónìí, èwo ló pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, èwo ni àìsàn ti pa lẹ́nu mọ́. Ṣé a lè ka gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́? Ìbéèrè yìí ló bí ẹ̀ka ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní proteomics. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé irinṣẹ́ ló máa ń ṣáájú ìdáhùn nínú ẹ̀ka yìí, ẹni tó bá ṣe irinṣẹ́ tó sì fi lé àwọn yòókù lọ́wọ́ ló sì ń pinnu ohun tí wọ́n á lè béèrè.

Kí Mann tó dé, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram, ní yàrá ìwádìí Cavendish ní Cambridge, mú himoglóbíìnì ẹni tí ara rẹ̀ le àti ti ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀làdìde, ó fi ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní trypsin gé méjèèjì sí wẹ́wẹ́, ó tẹ́ àwọn ègé náà sórí bébà, ó sì wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí. Gbogbo ègé ló bára mu àfi ẹyọ kan. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó fi hàn pé ámínò ásíìdì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ nínú ègé náà: glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀, valine ló gba ipò rẹ̀. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ní 1949 pé inú mólékù ni àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Ingram ló na ìka sí ojú ibi tó wà gan-an. Gé purotéènì sí wẹ́wẹ́, kí o fi ègé dá odindi mọ̀: ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀ títí di òní, trypsin kan náà ni wọ́n sì ń lò. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé bébà Ingram kò lè gba ju purotéènì kan lọ, èyí tó bá pọ̀ rẹpẹtẹ nìkan ló sì lè fi hàn.

Òṣùwọ̀n kan wà tó ti dàgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n purotéènì kò ṣeé gbé kà á. Francis Aston ṣe tirẹ̀ ní Cambridge ní 1919, ó fi ya àwọn átọ̀mù tí ìwọ̀n wọn fi díẹ̀ yàtọ̀ sọ́tọ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1922. Mass spectrometer ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá fẹ́ wọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ṣáàjì iná lára, kó sì máa fò nínú ihò tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò. Bí agbára mágnẹ́ẹ̀tì tàbí ti iná bá tì í, èyí tó fúyẹ́ á yà kúrò lọ́nà ju èyí tó wúwo lọ. Àwọn mólékù kéékèèké, irú èyí tó wà nínú epo rọ̀bì, gba ìyà yìí láìṣòro. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé purotéènì sórí iná kó lè di afẹ́fẹ́, yóò dì, yóò sì jó kó tó gbéra.

John Fenn ló tú okùn náà. New York ni wọ́n ti bí i ní 1917, Kentucky ló ti dàgbà, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yale ní 1940, ó sì fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kó tó di olùkọ́ ní Princeton, lẹ́yìn náà ní Yale láti 1967. Iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú ni bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ojú ihò tóóró tú jáde sínú òfìfo. Malcolm Dole ti gbìyànjú ní 1968 láti fi omi tó ní iná lára gbé àwọn mólékù ńlá dìde, kò sì bọ́ sí i. Fenn padà sídìí èrò náà. Ó gba omi tí purotéènì wà nínú rẹ̀ kọjá nínú abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì iná lára, omi náà sì fọ́n ká bí ìrì. Bí ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbẹ, ṣáàjì inú rẹ̀ ń há mọ́ra, wọ́n ń ti ara wọn títí ẹ̀kán náà fi fọ́ sí kéékèèké sí i, títí tó fi ku purotéènì nìkan nínú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ṣáàjì lára. Wọn kò gbé e sórí iná rárá. Electrospray ni orúkọ ọ̀nà yìí, àkọlé tí Fenn sì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Nobel rẹ̀ sọ nípa ìyẹ́ tí ó fi fún àwọn erin inú mólékù. Ó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí iṣẹ́ náà so èso. Òfin Yale nígbà náà ni pé kí olùkọ́ fẹ̀yìn tì ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì gba púpọ̀ nínú àyè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1994 ó kó lọ sí Virginia Commonwealth University ní Richmond, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní 2010.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni Mann wá kọ́ṣẹ́. Ọmọ Jámánì ni, 1959 ni wọ́n bí i, ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì àti ìṣirò ní Göttingen kó tó dé Yale. Ohun tó bá lórí tábìlì jẹ́ ohun tí àwọn kan kà sí ìdàrúdàpọ̀. Purotéènì tó bá gba electrospray kọjá kì í ní ṣáàjì kan, ó máa ń ní mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà kì í sọ ìwọ̀n gan-an. Ìwọ̀n tí a fi iye ṣáàjì pín ló ń sọ. Nítorí náà, purotéènì kan ṣoṣo á yọ ṣóńṣó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwé, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an nínú wọn.

Mann rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dàrú. Ṣóńṣó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fi ṣáàjì kan péré yàtọ̀, nítorí náà ìṣirò kékeré kan lè sọ iye ṣáàjì méjèèjì, ó sì lè sọ ìwọ̀n purotéènì náà. Kí a fi himoglóbíìnì yẹn kan náà ṣe àpẹẹrẹ. Dalton ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò, ìwọ̀n átọ̀mù háídrójìn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dalton kan. Okùn beta himoglóbíìnì ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA wọn dalton 15,867. Bí ó bá ní ṣáàjì 16, ẹ̀rọ á fi ṣóńṣó hàn ní 992.7, bí ó bá ní 15, á fi hàn ní 1,058.8. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà méjì yìí lọ́wọ́ lè padà ṣírò dé 15,867, gbogbo ṣóńṣó yòókù sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tó ń sọ ohun kan náà, èyí tó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ìdánilójú wa á ṣe pọ̀ tó. Okùn beta ti ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkúfọ̀làdìde, fi dalton 30 fúyẹ́ sí ti ẹni tó jẹ́ AA, nítorí valine fúyẹ́ ju glutamic acid lọ. Lórí ẹ̀rọ, ṣóńṣó tó yẹ kó wà ní 992.7 á bọ́ sí 990.8. Ohun tó gba Ingram ní bébà, omi àti sùúrù, ẹ̀rọ ń sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.

Ní 1988 ni Fenn àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde náà síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ní 1989 ni ìwé wọn jáde nínú Science. Ọdún 1988 náà ni Mann gboyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tó dé ní àkókò kan náà. Koichi Tanaka, ẹnjiníà iná mànàmáná ní ilé-iṣẹ́ Shimadzu ní Kyoto, tí kò ní ju oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì lọ, ṣèèṣì da glycerol mọ́ ẹbu kóbáltì, kò fẹ́ kó ṣòfò, ó fi dán an wò, iná lésà sì gbé purotéènì dìde láìfọ́. Ní Jámánì, Michael Karas àti Franz Hillenkamp ń ṣe tiwọn, tí wọ́n pè ní MALDI, pẹ̀lú ohun mìíràn. Ẹ̀bùn Nobel Kẹ́mísìrì ọdún 2002 bọ́ sọ́wọ́ Fenn, Tanaka àti Kurt Wüthrich, wọn kò sì pe Karas àti Hillenkamp. Mo gbà pé Tanaka ló kọ́kọ́ fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn ará Jámánì méjèèjì yìí ni wọ́n ń lò lónìí nínú àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ MALDI dá bakitéríà mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń sọ ìtàn yìí máa dárúkọ wọn. Ẹ̀bùn náà kò sì parí ìjà láàárín Fenn àti Yale lórí ẹni tó ni ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ electrospray. Ní 2005 ilé ẹjọ́ dá Yale láre, wọ́n sì ní kí bàbá arúgbó náà san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Mann lọ sí Odense ní Dẹ́ńmákì lọ́dọ̀ Peter Roepstorff, lẹ́yìn náà ó di olórí ẹgbẹ́ ìwádìí ní ilé ìwádìí EMBL ní Heidelberg láti 1992. Àárín ọdún mẹ́fà tó lò níbẹ̀ ni mo kà sí ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ tani jí jù lọ. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù fọ purotéènì kan mọ́, èyí tó bá sì kù lọ́wọ́ wọn kì í ju àbàwọ́n bíńtín lórí gẹ́ẹ̀lì lọ. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ka ámínò ásíìdì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mann àti Matthias Wilm fi gíláàsì fa abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín débi pé ẹ̀kán omi kan tó jẹ́ máíkírólítà kan péré lè máa sun jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ̀rọ ní àyè tó láti wò ó dáadáa. Wọ́n ṣe ìlànà bí a ṣe ń gé purotéènì nínú gẹ́ẹ̀lì láì yọ ọ́ jáde. Ìwé tí Andrej Shevchenko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí rẹ̀ ní 1996 wà lára èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ nínú ẹ̀ka yìí. Wọ́n sì wá ọgbọ́n sí bí a ṣe ń wá purotéènì nínú àkójọ kọ̀ǹpútà: bí ẹ̀rọ bá fọ́ ègé kan, tí a rí lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kà láàárín rẹ̀, tí a sì mọ ìwọ̀n ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e, ìyẹn tó láti fi dá odindi purotéènì mọ̀. Ní 1994, Jimmy Eng àti John Yates ní Amẹ́ríkà gbé ètò SEQUEST jáde, tó ń fi gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kọ wé ohun tó yẹ kó kọ. Ọ̀nà tiwọn ló borí níkẹyìn nítorí pé kò nílò kí ènìyàn jókòó ka lẹ́tà, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbàwọ́n wọn wá sí Heidelberg. Ní 1996, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣèwádìí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pa ara rẹ̀, Peter Krammer, Marcus Peter àti Vishva Dixit, wọ́n fi ẹ̀rọ náà dá purotéènì tí a mọ̀ sí caspase-8 mọ̀, èyí tó ń dáná ìpara-ẹni náà nígbà tí àṣẹ bá ti dé sí ojú sẹ́ẹ̀lì. Ní 1997, Joachim Lingner àti Thomas Cech ní Colorado gbé ohun tí wọ́n fọ̀ jáde láti inú ẹ̀dá abẹ̀mí tíntìntín kan tí ń gbé inú adágún, Euplotes aediculatus, wá bá wọn, wọ́n sì rí lẹ́tà tó tó láti mú jíìnì purotéènì tí ń ṣiṣẹ́ nínú telomerase, èyí tí ń tún orí kúrómósómù ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó gbóná jù nínú ìmọ̀ yẹn ti ń wá a. Lẹ́yìn irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó tún ń bi í léèrè bóyá mass spectrometer wúlò fún ìmọ̀ ohun alààyè.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti yí padà, láti orí purotéènì kan dé orí gbogbo wọn. Mann padà sí Odense ní 1998. Níbẹ̀ ni Shao-En Ong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe SILAC, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 2002. Ìṣòro tó yanjú ni pé ẹ̀rọ mọ ìwọ̀n ju bó ṣe mọ iye lọ. Ègé kan lè pọ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ kéré. Wọ́n fún sẹ́ẹ̀lì kan ní ámínò ásíìdì tí átọ̀mù rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ti ẹ̀dá lọ, wọ́n fún èkejì ní ti ẹ̀dá, wọ́n fi oògùn sí ọ̀kan, wọ́n pò wọ́n pọ̀, wọ́n sì wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Purotéènì kọ̀ọ̀kan á yọ ní méjìméjì, ìfiwéra gíga ṣóńṣó méjèèjì ló sì ń sọ ohun tí oògùn náà ṣe. Àṣìṣe tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan ti ṣẹlẹ̀ sí èkejì, nítorí náà kò ba ìfiwéra jẹ́. Ní 2006 ẹgbẹ́ náà lo SILAC láti tẹ̀lé bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i láti ìta. Jesper Olsen àti àwọn yòókù rí ojúkò 6,600 tí fọ́sfétì ti lẹ̀ mọ́ purotéènì, lórí purotéènì 2,244, wọ́n sì wo bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń tàn tó sì ń kú láàárín ogún ìṣẹ́jú. Kí ìyẹn tó dé, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń wo ojúkò kan lẹ́ẹ̀kan.

Ní 2005, Mann di olùdarí ní Ilé Ìwádìí Max Planck fún Kẹ́mísìrì Ohun Alààyè ní Martinsried, lẹ́bàá Munich. Ọdún náà ni ẹ̀rọ Orbitrap, tí Alexander Makarov ṣe, dé ọjà, ìpéye rẹ̀ sì ga ju ti ọ̀pọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2008 wọ́n ka purotéènì ìwúkàrà tó lé ní 4,000, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ìwúkàrà ń ṣe nígbà tó bá ń dàgbà. Ní 2011 wọ́n kọjá 10,000 nínú irú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan. Ọdún 2008 náà ni Jürgen Cox àti Mann gbé MaxQuant jáde, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ìwúrí jù lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ máa ń ta ètò tirẹ̀ mọ́ ọn, owó ńlá ni wọ́n sì ń gbà lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yunifásítì tí kò lówó lè rí dátà gbà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kó má sì rí ohun tó máa fi kà á. MaxQuant já okùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun èlò kékeré tí wọ́n pè ní StageTips, tí wọ́n fi ń fọ ègé purotéènì mọ́: wọ́n kọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi orí ìfami ike ṣe tirẹ̀ lórí tábìlì. Mo gbàgbọ́ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí, tí kò sí oyè kankan nínú wọn, ti ṣe fún ìmọ̀ ju ìwé ìwádìí mìíràn tó gba orí ìwé ìròyìn lọ.

Kò yẹ kí àgbéyẹ̀wò fi ibi tí ẹ̀ka yìí ti já àwọn ènìyàn kulẹ̀ pamọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2002, ìwé kan jáde nínú The Lancet pé ẹ̀rọ lè fi omi ẹ̀jẹ̀ mọ obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin, kò sì pàdánù ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n fi dán an wò. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí máa ń fara pamọ́ títí yóò fi burú, nítorí náà ìrètí ọ̀pọ̀ ìdílé so mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ kan ti ń múra láti tà á fún àwọn obìnrin. Keith Baggerly, Jeffrey Morris àti Kevin Coombes ní Texas gba dátà náà, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n sì fi hàn pé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí wọ́n rí wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe tò iṣẹ́ wọn, kì í ṣe láti inú àrùn. Àyẹ̀wò náà kò dé ọjà. Ní 2014, ìwé ńlá méjì jáde pọ̀ nínú Nature tó sọ pé wọ́n ti ka ọ̀pọ̀ jù lọ nínú purotéènì ènìyàn. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi kíyè sí i pé àwọn purotéènì tí imú fi ń gbóòórùn wà nínú àkójọ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò yẹ imú wò. Bí a bá ń ṣe ìdámọ̀ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, àṣìṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ohun kékeré mọ́.

Ìṣòro tó le jù ni ti omi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Purotéènì albumin pọ̀ nínú rẹ̀ ju àwọn kan tí ń gbé ìròyìn àìsàn kiri lọ ní ìlọ́po tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá. Àwọn tó pọ̀ á bo àwọn tó kéré mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun tó ti inú proteomics jáde sí ilé ìwòsàn fi kéré sí ìlérí tí wọ́n ti ń ṣe láti ogún ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń lo ọ̀nà mìíràn, tí ń fi ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kọ̀ọ̀kan ṣọdẹ rẹ̀, ti ṣáájú nínú iye ènìyàn tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ní 2023, iṣẹ́ UK Biobank kan fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọn purotéènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 54,219. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n lè wá. Òṣùwọ̀n kò nílò pé kí a mọ ohun tí a ń wá.

Iṣẹ́ tó tún gbé Mann sókè lójú mi ni èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen àti Munich gbé jáde ní 2022, Deep Visual Proteomics. Títí di ìgbà náà, wọ́n máa ń lọ odindi ègé ara pọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́, sẹ́ẹ̀lì tó ṣàìsàn àti èyí tó le á sì di ọ̀kan náà. Nínú ọ̀nà tuntun yìí, kọ̀ǹpútà wo àwòrán ègé ara, ó ya àwọn sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrísí wọn, iná lésà gé àwọn tí a fẹ́ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ sì wọn purotéènì inú wọn.

Ní 2024 wọ́n fi bá àrùn kan jà tí ẹni tó bá ti rí i kò ní gbàgbé. Toxic epidermal necrolysis ni àwọn dókítà ń pè é. Oògùn tí ara ènìyàn kọ̀ ló sábà máa ń fà á, oògùn tí a mọ̀ dáadáa bíi Septrin wà lára wọn. Awọ ara á kú, á bó kúrò lára bí ẹni tí iná jó, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn tó bá mú ló sì ń kú. Kò sí ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mann, pẹ̀lú àwọn dókítà awọ ara ní Munich àti àwọn olùwádìí ní Melbourne, mú awọ tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ara àwọn aláìsàn, wọ́n yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà ìránṣẹ́ kan nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní JAK/STAT, ti gbóná kọjá àlà. Oògùn tó ń pa ọ̀nà yẹn wà lórí káńtà tẹ́lẹ̀ fún àrùn oríkèé. Wọ́n dán an wò lára eku, lẹ́yìn náà àwọn dókítà ní Fujian ní Ṣáínà fún aláìsàn méje. Àwọn méjèèje ló yè. Méje kò tó láti fi ṣòfin, kò sì sí àwọn mìíràn tí wọ́n fi wé wọn. Ó di dandan kí ìdánwò tó tóbi ju ìyẹn lọ tẹ̀lé e. Síbẹ̀, láti orí òṣùwọ̀n dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láàárín àkókò kúkúrú, mi ò mọ èyí tó mọ́ jù ú lọ nínú gbogbo ìtàn proteomics.

Ibi tó kù tó ń dùn mí ni ti ẹni tí wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn 54,219 tí mo dárúkọ ló jẹ́ ará Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ àkójọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìmọ̀lára lásán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ènìyàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni kò ní purotéènì Duffy lára ẹ̀jẹ̀ pupa wọn, ìyẹn sì ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Duffy ń ṣe lára àwọn tó ní in ni pé ó máa ń di àwọn purotéènì ìránṣẹ́ kan mú nínú ẹ̀jẹ̀. Ara tí kò ní in yóò ní iye mìíràn, láìjẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe é. Iye ẹ̀jẹ̀ funfun tó kéré díẹ̀ lára irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti mú kí àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ka ẹni tó le koko sí aláìsàn, kí wọ́n sì dín oògùn jẹjẹrẹ kù fún un láìnídìí. Bí wọ́n bá kọ òṣùwọ̀n purotéènì lé ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn nìkan, àṣìṣe kan náà á tún wáyé ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yàrá àyẹ̀wò kan ti ń fi mass spectrometer wo ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lórí bébà tí wọ́n gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, kí wọ́n lè mọ ọmọ tó jẹ́ SS kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó ń jàǹfààní rẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tó jẹ́ SS ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ni kò rí àyẹ̀wò kankan gbà títí ìrora àkọ́kọ́ fi dé. Ẹ̀rọ náà wọ́n gidigidi, iná kò sì gbọ́dọ̀ lọ lórí rẹ̀, nítorí ihò inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba afẹ́fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n yàrá ìwádìí proteomics wà ní Cape Town, ètò ìwádìí jíìnì H3Africa sì ti fi ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ àti àwọn ohun mìíràn láti ara ènìyàn kan sí Abuja. Bébà tó ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lórí kò nílò yìnyín láti rìn. Tègbọ́n-tàbúrò lè jẹ́ SS bàbá kan náà, ìyá kan náà, kí ọ̀kan máa wọ ilé ìwòsàn lóṣooṣù, kí èkejì máa gbá bọ́ọ̀lù. A mọ díẹ̀ nínú ìdí rẹ̀, himoglóbíìnì ìgbà oyún tó ṣẹ́ kù lára ọ̀kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Mann ti ní irinṣẹ́ tó lè wo ìyókù, MaxQuant sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ka àbájáde rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀.